Ìkíni Tí Motọ́lání Gé Nítorí Orí Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìkíni ṣe lè gùn tó, ẹ lọ pàdé Motọ́lání, ìyàwó Àlàmú, lójú ọ̀nà oko ní Erinje. Ẹni tó bá ń kánjú tó lọ ko obìnrin yìí, onítọ̀hún ti wọ gàù. Yóò kí i kú òwúrọ̀, yóò béèrè ìyàwó, yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè orúnkún tó ń ro ìyá rẹ̀ láti èṣí, yóò tún béèrè ewúrẹ́ tó sọnù, kó tó rántí pé òun náà ní ibi tí òun ń lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹjọ́. Ó kàn gbà pé ẹni tí a kò bá kí dáadáa, a kò tíì rí i.

Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àwọn obìnrin méjèèjì wà nílé ọkọ, Kingsley tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn sì wà ní Èkó, ó ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ náà fún un ní fóònù alágbèéká kan, dúdú, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò wúlò ju kí wọ́n fi dí ilẹ̀kùn lọ, nítorí pé ìsopọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Òkìtìpupa lè lo tẹlifóònù olókùn láti pe ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ní Èkó, ohun tí Motọ́lání sì ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Òun àti ọkọ rẹ̀ á kó púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe wọ ọjà Òkìtìpupa. Bó bá ti tà dé ìdajì, wọ́n á gba ọ́fíìsì tẹlifóònù lọ, níbi tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rose ti máa ń bá wọn so ìpè pọ̀.

Motọ́lání ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á kí Kingsley láti orí dé ẹsẹ̀. Kí lo jẹ lánàá? Ta ló sè é? Ṣé oorun dé? Ikọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé lándílọ́ọ̀dù rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Lẹ́yìn náà ni Àlàmú á gba fóònù, Àlàmú tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ọdún tí wọ́n dá ìlú sílẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kingsley á máa rẹ́rìn-ín ní òdìkejì. Bí wọ́n bá ń padà lọ sílé, inú Motọ́lání á dùn, á máa tún gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ sọ fún ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún méjì, títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 1998.

Motọ́lání wà nídìí àjà lẹ́yìn ilé, ó ń to púpurú. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, kó gbọ́ díẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi kan, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á rọ ọ́ ní rìbìtì, wọ́n á wá tò ó sórí àjà, iná á sì máa jó lábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kì í ṣe iná ńlá. Ooru ni wọ́n ń fẹ́. Ooru yẹn ni yóò máa yọ́ wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú tí inú yóò sì gbẹ.

Rédíò oníbáàtìrì kékeré wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà kan ń sọ̀rọ̀ lórí ètò ìlera. Ó ní àwọn fóònù tí kò ní okùn tó ń jáde lásìkò yìí, ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, àti pé bí ènìyàn bá gbé e lé etí, lára ìgbì náà a máa wọ orí lọ, ó sì lè mú kí apá ibẹ̀ nínú ọpọlọ gbóná. Motọ́lání dúró. "Ohun tó dáa," ni dókítà náà wí, "ni kí a máa gé ọ̀rọ̀ orí fóònù kúrú. Ṣùgbọ́n…"

Ibẹ̀ ni báàtìrì kú sí.

Motọ́lání gbọn rédíò náà. Ó yọ báàtìrì méjèèjì, ó fi eyín tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó dá wọn padà. Nígbà tí ohùn fi padà dé, ètò ìlera ti tán, wọ́n ń kéde ìpàdé àwọn àgbẹ̀. Bí kò ṣe gbọ́ ohun tó tẹ̀lé "ṣùgbọ́n" yẹn nìyẹn, ó sì ṣeni láàánú, nítorí ibẹ̀ ni ìtùnú wà.

Ó gbójú sókè wo orí àjà. Púpurú bí ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí kò tó orí ènìyàn. Ooru ń gba abẹ́ wọn gòkè láìsí ariwo. Ṣé ohun tí òun ń ṣe fún orí ọmọ òun nìyí ní gbogbo Sátidé, láti ọdún méjì sẹ́yìn?

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé olókùn ni tẹlifóònù tòun. Òun ń ti ibi ìtura sọ̀rọ̀, ọmọ ni iná ń jó.

Ní òru yẹn, kò sùn dáadáa. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun bá ní kí Kingsley jáwọ́ nínú fóònù, iṣẹ́ rẹ̀ á bọ́, nítorí fóònù náà ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń rí i láti ojúmọ́ dé alẹ́. Bí òun bá sì fẹ́ ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ọmọ Àlàmú ni, yóò bá òun jiyàn, iyàn náà yóò sì gùn, orí yóò túbọ̀ máa gbóná. Bí òun bá sọ fún Àlàmú fúnra rẹ̀, ó di ẹ̀rín fún gbogbo Erinje. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Tèmi ni mo lè gé."

Ní ọjọ́ Sátidé, ó ní kí Àlàmú dúró ti púpurú lọ́jà, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Àlàmú ráhùn. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti sọ fún Kingsley nípa ẹni tó ń bá òun kọ ọ̀pẹ. Motọ́lání ní òun yóò bá a sọ ọ́. Ó wọ ọ́fíìsì, Rose so ìpè pọ̀, Kingsley sì gbé e.

"Kingsley, ṣé ara le?"

"Ara le, màmá. Ẹ kú ọjà o, ẹ kú…"

"Àwa náà wà. Bàbá rẹ wà. Ó dàbọ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Rose wo aago, ó tún wo ojú ìyá náà. Ó bi í bóyá ìpè náà ló já. Motọ́lání ní kò já. Ó jáde, ó sì dúró lábẹ́ igi tó wà níta títí omi ojú rẹ̀ fi gbẹ, kó tó padà lọ bá ọkọ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó bu oúnjẹ fún ọmọ tó tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń to gbogbo ìkíni yẹn jọ sọ́kàn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Kingsley kò jẹ́ kó tètè lọ.

"Màmá, bàbá ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

"Kò tẹ̀lé mi débí."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọn kò tẹ̀lé yín. Kí ló ṣe wọ́n?"

Motọ́lání wo aago ara ògiri. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń gùn. Ó rí orí ọmọ rẹ̀ lórí àjà.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, ọma mi. Ó dàbọ̀."

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tí Kingsley gbọ́ nínú ìyẹn. A kì í tú ọ̀fọ̀ sílẹ̀ gbalaja fún ẹni tó wà ní ìdálẹ̀. À ń fi ọ̀rọ̀ bò ó ni. Ìyá tí kì í kí ènìyàn tán tí kò kí ọmọ rẹ̀ mọ́, bàbá tí kì í dákẹ́ tí ohùn rẹ̀ dàwátì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "kò sí nǹkan" tó jáde bí ìgbà tí wọ́n fa ènìyàn láṣọ: kí ni ó tún kù?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, lọ́wọ́ ọ̀sán, Motọ́lání ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́ igbe láti ojú títì. Ó mọ ohùn náà. Ohùn Àrìnkẹ́ ni, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Igbotako. Àrìnkẹ́ kì í sunkún fún ohun kékeré. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Motọ́lání. Ohun kan ṣoṣo ló sọ sí i lọ́kàn, pé wọ́n ti gbé òkú Kingsley dé. Kò rántí wọ bàtà. Bó ṣe ń sáré yí igun ilé ni ó ń wí pé, "Mo gé e kúrú o. Mo gé e kúrú."

Ló bá rí takisí kan lẹ́nu ọ̀nà. Àrìnkẹ́ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Kingsley fúnra rẹ̀ sì dúró tì í, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

Motọ́lání rọ́ lù ú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, ó tẹ iwájú, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ etí, ó tẹ ìpàkọ́, bí ẹni tó ń wò bóyá púpurú ti gbẹ. "O wà láàyè," ló ń wí. "Ọma mi, o wà láàyè."

Kingsley gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó bú sẹ́kún. "Màmá, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fi pa á mọ́ fún mi? Ẹ̀mí mi ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò fẹ́ dá wọlé, ni mo ṣe kọ́kọ́ lọ mú Àǹtí Àrìnkẹ́."

Kí Motọ́lání tó lóye ohun tó ń wí, Àlàmú jáde láti inú yàrá níbi tó ti ń sun oorun ọ̀sán. Ó ti ju aṣọ sí èjìká kan. Ó rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń sunkún láìwọ bàtà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ká sílẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó fi aṣọ bojú, ó ń sunkún tirẹ̀. Ìgbà tó sunkún díẹ̀ ló wá yọjú lábẹ́ aṣọ.

"Àrìnkẹ́," ló wí, "ta ló kú nílé wa?"

Àrìnkẹ́ gbójú sókè. "Ẹ̀yin ni," ló sọ.

Awakọ̀ takisí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé. Àrìnkẹ́ dìde, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní ó yẹ kó san owó ẹkún fún òun. Àlàmú ní òun kò bínú, pé àǹfààní ńlá ni kí ènìyàn gbọ́ bí wọn yóò ṣe sunkún òun, pé èyí tí Àrìnkẹ́ sun dáa, ṣùgbọ́n Kingsley ṣì kù díẹ̀. Kingsley nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín tán. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì kọjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí ni mo ṣe yín?"

Motọ́lání wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti rédíò, ti dókítà, ti ìgbì tó ń wọ orí, ti púpurú. Bó ṣe ń sọ ọ́ lójú ọ̀sán gangan, ó gbọ́ bó ṣe rí létí, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n kò dúró.

Kingsley fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, màmá. Ẹ kò béèrè bóyá mo jẹun. Lótìítọ́ ni mo ń sọ, n kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun."

"Orí rẹ ni mò ń ṣọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "N kò mọ̀ pé ọkàn rẹ ni mò ń jó."

Àkókò yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbádé ti ibi iṣẹ́ dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkìtìpupa, ó sì gba yàrá kan lọ́wọ́ Àlàmú. Wọ́n ní kó jókòó. Motọ́lání bi í, kò fi bò: ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?

"Dókítà kò purọ́, màmá," ni Oyèbádé wí. "Ìgbì náà ń wọ orí lóòótọ́, níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá wà létí. Ó sì ń mú ibẹ̀ gbóná díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré gan-an. Oòrùn tó ń pa yín lóko ń mú orí yín gbóná jù ú lọ. Bí wọ́n bá sì ti pa fóònù, ìgbì náà ti tán, kì í tò jọ sínú orí."

"Ṣé ẹ lè búra pé kò ní fa àìsàn?"

Oyèbádé nu ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "N kò lè búra, màmá. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn pé ó ń fa àìsàn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí, wọn kò tíì parí rẹ̀."

Ìdáhùn yẹn wọ Motọ́lání lára. Ká ní ó búra ni, kì bá gbà á gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè," ni Oyèbádé tún wí. "Púpurú tó wà lọ́gangan iná àti èyí tó wà létí àjà, èwo ló ń tètè dúdú?"

"Ti ọ̀gangan iná ni. Ta ni kò mọ̀?"

"Bó ṣe rí nìyẹn. Bí Kingsley bá gbé e jìnnà sí etí níwọ̀nba, ohun tó ń wọlé á dín kù púpọ̀. Bó bá ń gé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kúrú, ìyẹn náà dáa. Bó bá sì jẹ́ pé tẹlifóònù olókùn ni, inú okùn ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Kò ní ìgbì tó ń ti ara rẹ̀ jáde lọ sí orí ẹnikẹ́ni."

Kingsley gbórí sókè. "Lándílọ́ọ̀dù mi ní olókùn ní pálọ̀ rẹ̀. Mo lè lọ jókòó tì í ní gbogbo Sátidé."

"Sátidé nìkan lo fi ń sùn dáadáa," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Màmá, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ta ló sùn?"

Ọjọ́ méjì ló lò nílé. Motọ́lání ro púpurú fún un, ó sì jókòó wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rù náà kò tán nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá ti padà sí Àpápá, fóònù dúdú yẹn yóò tún máa dún, ọmọ rẹ̀ yóò sì máa gbé e sétí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé kì í ṣe orí nìkan ni ọmọ ní. Nígbà tí Kingsley fẹ́ wọ mọ́tò, ó ṣe àdéhùn pé òun yóò máa gbé e jìnnà sí etí díẹ̀, pé òun yóò sì máa fi ọ̀gá òun sílẹ̀ kó máa pariwo láti ibẹ̀. Àlàmú ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà.

Ní Sátidé, Motọ́lání àti Àlàmú jọ wọ ọ́fíìsì tẹlifóònù. Motọ́lání na bébà tí Kingsley kọ nọ́ńbà lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ sí fún Rose. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré.

"Kingsley?"

"Èmi ni, màmá."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń kánjú. Ojú rẹ̀ lọ sí ara aago. Àlàmú ń mí sí i lọ́rùn, ó ń dúró de tirẹ̀.

"Okùn ló wà lọ́wọ́ mi," ni Kingsley wí. "Mo ti jẹun, mo ti fẹ̀yìn ti àga. Màmá, ẹ má kánjú."

Motọ́lání kẹ̀yìn sí aago. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun tí ọmọ náà sùn lánàá.